Àyè Iwájú Fún Ìyá Ìkókó

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹsàn-án 2004

Bàbá Ìdùnnú, Ìdùnnú ti lọ.

Mo ti kọ ọ́. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Bàbá Dúródọlá, olórí ẹbí yín, ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ gbọ́ ní Amẹ́ríkà, títí ẹ ó fi fẹsẹ̀ yín tẹ Ìkọ̀lé. Mo wá ra ìwé yìí. Inú rẹ̀ ni n ó ti máa bá yín sọ ọ́, kí n má baà ya wèrè.

Kì í ṣe àìsàn ló pa á. A lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní Ìdó, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bọ̀ọ̀dá Jacob fi mọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i láti fi ṣe kabúkabú wá gbé wa padà. Èrò ti kún ẹ̀yìn, ìyá àgbà kan ló wà níwájú. Bí ìyá náà ṣe rí mi báyìí ló bọ́ sílẹ̀.

"Bọ́ síwájú, ọmọ mi. Ta ló ń fún ìyá ìkókó mọ́ àárín ọkùnrin lẹ́yìn? Jẹ́ kí ọmọ rí afẹ́fẹ́."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo wọlé. Inú mi tilẹ̀ dùn pé wọ́n pọ́n mi lé. Mo de bẹ́líìtì nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó máa ń dúró ní Ìfàkì, mo gbé ọmọ lé itan. Kí a tó wọ Ìlúpéjú, ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ níwájú wa dúró lójijì. Bọ̀ọ̀dá Jacob tẹ búréèkì, ṣùgbọ́n a ṣì gbá a nídìí. Kò le. Iná mọ́tò kan ló fọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ráhùn pé orí àwọn gbá ìjókòó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ tèmi, nǹkan funfun kan bú jáde látinú dáṣíbọ́ọ̀dù, gbàù, bí ẹni yìnbọn, ó sì gbá ọmọ mọ́ mi láyà.

Nígbà tí èéfín náà ṣí, gbogbo wa là ń kígbe. Òun nìkan ni kò kígbe.

Ọjọ́rú, 15

Ọyàn ń ro mí, ó le bí òkúta. Màmá yín fi ọ̀já dì í fún mi. Ọ̀já ọmọ náà ni. Kò sí òmíràn nínú ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Ẹ pè lónìí bí ìṣe yín, ní ilé fóònù Màríàm. Màmá ló kọ́kọ́ gbà á. Ó ń rẹ́rìn-ín sí yín, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ sórí ìborùn. "Ọmọ ń sùn," ó wí. "Abẹ́rẹ́ tó gbà ló mú un sùn." Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù fún mi, ó sì di ọwọ́ mi kejì mú pinpin.

Ẹ ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n gbé fóònù sí i lẹ́nu, kódà bó bá ń sùn, pé ẹ fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí àfi nínú fọ́tò. Mo ní ẹ kú iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà lẹ wá sọ ti mọ́tò. Ẹ ti ra òmíràn ní gbàǹjo fún ọkọ Àǹtí Bímpé àbúrò yín ní Òsì, irú ti Bọ̀ọ̀dá Jacob gẹ́lẹ́, ọdún kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n. Ẹ ní ó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kí Oṣù Kẹwàá tó parí, torí ìjọba wa ò gba mọ́tò tó bá ju ọdún mẹ́jọ lọ mọ́, èyí sì ti fẹ́ pé e.

"Kí àbúrò mi lè rí nǹkan gidi fi gbé ọmọ tuntun wálé," ẹ wí. "Báàgì afẹ́fẹ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀, ti dírẹ́bà àti ti ẹni tó jókòó tì í. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, báàgì á wú, á gbà wọ́n."

Oṣù Kọkànlá ni Àǹtí Bímpé máa bímọ. Màmá ti gba fóònù kí n tó la ẹnu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Mo lọ wo mọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀bù Rídwàn tó ń ṣe wáyà mọ́tò. Wọn ì bá má jẹ́ kí n lọ, mo bá ní kẹrosíìnì ni mo fẹ́ rà. (Ìgò kan ti di àádọ́ta náírà. Mo ra ìdajì, kí irọ́ mi lè dúró.)

Báàgì funfun náà rọ̀ dirodiro látinú dáṣíbọ́ọ̀dù bí ahọ́n màlúù tí wọ́n pa. Mo fọwọ́ kàn án. Aṣọ ni. Aṣọ lásán.

"Ẹ kú àdánù, Ìyá Ìdùnnú," Rídwàn wí. "Ẹ rọra o, ìgò wà nílẹ̀."

Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà. Lókè orí mi, lára pátákó tí wọ́n fi ń dí oòrùn, sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fún Bọ̀ọ̀dá Jacob lọ́jọ́ tí wọ́n gbàdúrà sí mọ́tò: *Olúwa Ni Olùṣọ́ Mi*. Ìwé mìíràn yọ etí lábẹ́ rẹ̀. Mo fi èékánná ṣí i. Àwòrán ọmọ lórí ìjókòó ni, wọ́n fa ìlà pupa gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ, aya wa?" Bọ̀ọ̀dá Jacob, tó dúró ti Rídwàn, bèèrè.

"Wọ́n ní báàgì yìí lè pa ọmọdé. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni ibi tó dára jù fún ọmọdé."

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ, Bọ̀ọ̀dá."

Ó fìdí lé táyà kan tó wà nílẹ̀. "Ta ló ń fi ìyá ìkókó sẹ́yìn? Ta ni wọ́n kọ irú rẹ̀ fún?"

"Àwọn tó jẹ́ pé ẹnì kan, mọ́tò kan ni," Rídwàn dáhùn. "Ẹ̀yìn tiwọn ṣófo. Ẹ̀yìn tiwa, èèyàn mẹ́rin, adìyẹ méjì." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó pa ẹnu dé.

Mo bi í pé bí irú mọ́tò yìí bá tún dé, ṣé ó lè yọ báàgì náà kó tó bú. Ó mi orí.

"N ò ní í purọ́ fún yín. N ò mọ wáyà rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan èyí tí kò yẹ, yóò bú mọ́ mi lójú."

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Mo bẹ Màríàm pé kó bá mi wá ibi tí èèyàn ti lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí òṣùpá.

"Àwọn tí mò ń bá kọ̀wé níbí, físà ni wọ́n ń wá o."

"Èmi ò wá físà. Kọ ọ́."

"Ọ̀gá ọkùnrin ni kí n kí, àbí ọ̀gá obìnrin?"

"Ẹni yòówù tó bá mọ̀dí rẹ̀ nínú wọn."

Ó kọ ọ́ tán, iná lọ. Ó tan jẹnẹrétọ̀, a tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà ara mọ́tò náà sí i, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Kí ló dé tí ohun tí ẹ ṣe láti gba èèyàn là fi lágbára tó láti pa ọmọ mi? Kí lẹ sì ṣe nípa irú rẹ̀ tó ti wà níta? Nígbà tí Màríàm tẹ "ọmọ mi," ó dúró, ó fi ìborùn nu ojú, ó ní jẹnẹrétọ̀ ló ń tú èéfín.

Ọjọ́ Ajé, 27

Òjò láti àárọ̀. N ò jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹwàá

Àǹtí Bímpé wá láti Òsì. Ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó sunkún pẹ̀lú mi, ó fún mi lóúnjẹ lẹ́nu bí ọmọdé, ó fọ aṣọ mi tó ti wà nínú báàfù láti ọjọ́ mélòó kan. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó kọ ìyókù.

Nígbà tó dọ̀sán, ọ̀rọ̀ kan mọ́tò. Ojú rẹ̀ là.

"Mo ti sọ fún ọkọ mi pé iwájú ni n ó jókòó láti ilé ìwòsàn délé o. Kí gbogbo Òsì rí mi! Bí wọ́n bá kí mi, n ó kàn mi orí báyìí ni, bí ìyàwó gómìnà."

Màmá rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó. Ohun tó wà níwájú mọ́tò yẹn ló pa ọmọ mi."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìjàǹbá ni, ìyàwó mi. Iṣẹ́ ayé ni. Mélòó ló ti gbé ọmọ jókòó síwájú tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n?"

"Mo rí i kà lára mọ́tò náà."

"Fẹ́yìsetán." Kì í pe orúkọ mi. "N ò ní í jẹ́ kí o fi òfò rẹ wọ̀ mí láṣọ. Oyún wà nínú mi. Má dárúkọ ikú sí i."

Màmá ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ lórí iná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ìyanṣẹ́lódì nítorí owó epo. Ọjà dá páróparó, ọ̀kadà ò rìn, ilé Màríàm tì pa. Gaàrí ti tún gbówó lórí. Mọ́tò ọ̀hún ń lọ sétí òkun níbi tí ẹ wà, èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ lè dé Ọ̀yẹ́ tó wà nítòsí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Wọ́n fèsì.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá, ètè Màríàm ti gbẹ, síbẹ̀ ó sáré wá pè mí nílé. Mo kà á ní ilé fóònù rẹ̀ lórí ìdúró. Wọ́n kí mi kú àdánù. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ṣe mọ́tò náà, òfin ìlú wọn ni pé kí báàgì lè dá àgbàlagbà ọkùnrin dúró, bí kò tilẹ̀ de bẹ́líìtì. Ìjọba fi ìdánwò rẹ̀ dán an wò, mọ́tò náà yege. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé ohun tó lè dá ọkùnrin dúró lè pa ọmọ kékeré. Òfin yí padà, àwọn náà sì fi báàgì tí agbára rẹ̀ dín kù sínú àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Ní ti àwọn tó ti jáde tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni wọ́n, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́tò. Ẹni tó bá sì ní ìdí pàtàkì lè tọrọ àyè kí wọ́n fi bọ́tìnnì tó ń pa báàgì sí i fún un. Ìwé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni tiwa. Àwọn ò mọ̀ pé mọ́tò náà ti kúrò ní orílẹ̀-èdè àwọn. Ó tẹ̀lé òfin ọdún tí wọ́n ṣe é. Àwọn ò lè gba ẹ̀bi.

Mo wá irọ́ nínú rẹ̀, n ò rí. Ó dùn mí ju bí wọ́n bá purọ́ lọ. Ọmọ tiwọn ló kọ́kọ́ kú kí wọ́n tó rọ̀ ọ́. Wọ́n tún mọ́tò ọ̀la ṣe, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ti àná, ti àná sì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwa tí a ń fi iwájú pọ́n ìyá ìkókó lé. Ta ni yóò kọ̀wé sí Ìkọ̀lé?

Fóònù yín wọlé bí mo ṣe ń kà á lọ́wọ́. Màmá ti dé, òun ló gbà á. Ó ní ọmọ ń wẹ̀. Ẹ ní mọ́tò yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ ọgbọ̀n oṣù yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìpáò lọ bá Bàbá Dúródọlá. Ó ń yí kòkó lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀, n ò dìde.

"Wọnú ulé, ọmọ mi. Oòrùn mú."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un."

Ó ń yí kòkó lọ. "Wáyà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n fi sọ fún àbúrò mi ní Jọ́ọ̀sì pé ìyá wa kú. Yàrá tó dá gbé ló ti kà á. Ó jáde, kò ti ilẹ̀kùn. Títí di òní, a ò mọ ọ̀nà tó gbà." Ó wò mí. "Bí Morákinyọ̀ ọkọ rẹ bá gbọ́, ta ni yóò dì í mú níbẹ̀? O rò pé ìkà ni mo jẹ́ ni?"

N ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo ti ń bá a ṣọ̀tá nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yìí.

"Bàbá, mọ́tò mìíràn ló fẹ́ fi ránṣẹ́, irú kan náà. Oṣù tó ń bọ̀ ni Àǹtí Bímpé máa bímọ. Níbo ni wọ́n máa fi í sí nígbà tí wọ́n bá ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn?"

Ó dáwọ́ kòkó dúró. Ewúrẹ́ kan wá gbọ́ òórùn kòkó, kò lé e.

"Iwájú," ó wí.

Ó jókòó. Ó ní Adédoyin tó bá Morákinyọ̀ lọ ilé ìwé, ṣé ìlú kan náà kọ́ ni wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún? Mo ní wọn ò jìnnà síra.

"Kí Adédoyin lọ jókòó tì í. Kó má sọ ọ́ lórí ìdúró. Kó má sọ ọ́ lórí fóònù. Kó sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, sọ ọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Adédoyin gbà. Nọ́ọ̀sì ni, ó ní iṣẹ́ òun ni láti jókòó ti èèyàn. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́, òun á kà á sí yín létí lọ́jọ́ Àìkú. Màríàm ò gba owó fóònù. "Ààwẹ̀ ni mò ń gbà," ó wí. "Ẹ fẹ́ kí n fi owó yín ṣínu?"

Mọ́tò Bọ̀ọ̀dá Jacob ti padà sójú ọ̀nà. Mo bá a lọ sí Ọ̀yẹ́, lẹ́yìn ni mo jókòó. Lójú ọ̀nà, ìyá ọlọ́mọ kan dá wa dúró. Ọkùnrin tó wà níwájú ti ń bọ́ sílẹ̀ fún un.

"Ẹ jókòó yín, ọ̀gá," Bọ̀ọ̀dá Jacob wí. "Ìyá ìkókó, ẹ̀yìn."

Ariwo ta. "Ẹ̀yìn kẹ̀? Dírẹ́bà, ṣé èèyàn ló bí ọ báyìí?"

"Ọmọge ló fẹ́ gbé síwájú!"

"Orí burúkú! Ìyá ẹ náà ò jókòó síwájú rí ni?"

Bọ̀ọ̀dá Jacob tẹjú mọ́ ọ̀nà. Mo rí ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, òógùn ń ṣàn níbẹ̀. Kò sí báàgì níwájú yẹn mọ́, awọ ni wọ́n rán bo ihò rẹ̀. Ó mọ̀. Síbẹ̀ ẹ̀yìn ló ń fi gbogbo wọn sí.

Ìyá náà fi ìbínú jókòó tì mí. Ọmọ rẹ̀ na ọwọ́, ó di ẹ̀gbà ọrùn mi mú. Mo jẹ́ kó dì í mú títí a fi dé Ọ̀yẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ nìyí. Mo dà á kọ síbí, torí n ò fẹ́ kí ó jẹ́ ibòmíràn nìkan ló wà.

Bàbá Ìdùnnú, Adédoyin ló ń ka èyí sí yín létí. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín. Bàbá Dúródọlá ló rán an, nítorí ó fẹ́ràn yín.

Ìdùnnú kú ní ọjọ́ kẹsàn-án Oṣù Kẹsàn-án, nínú mọ́tò, lórí itan mi. Báàgì iwájú ló bú lù ú. Wọn ò fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn mí, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Àwọn tó sọ fún yín pé ó ń sùn ò fi yín ṣẹ̀sín. Màmá ò tíì jẹun kánú láti ìgbà náà.

Ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara mi, Bọ̀ọ̀dá Jacob ti sọ ọ́ nípa ara rẹ̀, kò gbé e dìde. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé sí mi pé báàgì mọ́tò ọdún náà le jù fún ọmọdé, pé wọ́n ti tún èyí tó tẹ̀lé e ṣe. Àǹtí Bímpé ò gbà mí gbọ́. Yóò gba ẹ̀yin gbọ́.

Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò yẹn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, kí wọ́n yọ báàgì ọ̀dọ̀ èrò tàbí kí wọ́n pa á. Bí wọ́n bá kọ̀, kó má wá. Àǹtí Bímpé á fẹsẹ̀ rìn wálé.

Ẹ má dá sùn lónìí.

Màríàm á ṣí ilé lọ́la láti aago méje, n ó sì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.